Aṣọ Iṣẹ́ Lára Ẹni tí Kò Sí Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní oṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò kàn wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ni, àwọn tí a ń pè ní nefi. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ti wọ kákí àgùnbánirọ̀ rí, tàbí tí ẹ ó wọ̀ ọ́ láìpẹ́. Àwọn mìíràn nínú yín sì ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun tàbí ti ọlọ́pàá. Ìbéèrè náà ni pé, nígbà tí wọ́n bá ti dá ènìyàn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ kan, tàbí fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, ta ni ó ni àkókò náà? Bí aṣọ ìjọba bá sì wà lára rẹ̀ ní àkókò náà, kí ni aṣọ náà ń ṣe níbẹ̀?

Ẹni tí ó bá fẹ́ di nefi ní Nàìjíríà láti ìsàlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Onne, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ni yóò ti kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bí a ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, bí a ti ń rìn, bí a ti ń dúró, àti bí a ti ń dákẹ́. Nígbà tí ó bá yege níbẹ̀, kò tíì di ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Wọn yóò tún pín òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, irú èyí tí ó wà ní Sapele, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Àárín ìgbà méjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ọmọ náà kì í ṣe ẹni tuntun mọ́, kò sì tíì di àgbà. Ó ti lè gba páàsì láti jáde, ṣùgbọ́n páàsì náà ní aago, ó sì ní irú aṣọ tí ó bá a mu.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan náà ti wà nínú iṣẹ́ nefi, wọ́n ti sọ ètò yìí di àkàbà. Great Lakes, ní ẹ̀bá adágún Michigan, ní ìhà àríwá Chicago, ni àwọn ẹni tuntun ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ gbà wọ́n láyè láti lọ sí ìgboro, yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀ lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà kí aago tí wọ́n dá fún wọn tó lù ní alẹ́. Ẹni tí ìwà rẹ̀ bá dára, tí kò sì fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́, yóò gun àtẹ̀gùn kejì. Wọn yóò gbà á láyè láti wọ aṣọ ilé, wọn yóò sì fi kún àkókò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀, wọ́n lè dá a padà sí ìsàlẹ̀.

Aṣọ ilé yìí ni àwọn sójà wa ń pè ní mufti. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéú yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé mufti tí àwa mọ̀ ni onímọ̀ tí ó ń fọwọ́ sí fátúwà. Àwọn ọ́físà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ ọ́ di orúkọ aṣọ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ èdè rò pé ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀ àti fìlà tí wọ́n máa ń wọ̀ nínú ilé ni ó mú kí wọ́n jọ mufti lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú bárékè ní Akúrẹ́.

Ọmọkùnrin kan tí ó ka Alukuránì lọ́dọ̀ mi, tí ó ti wọ iṣẹ́ ológun báyìí, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá nígbà tí ó wá kí mi lẹ́yìn Iléyá. Ó ní, "Álífà, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá ti fún mi ní páàsì, ṣé àkókò tèmi kọ́ ni? Bí mo bá wọ bùbá àti ṣòkòtò ní àkókò tèmi, kí ló kan ọ̀gá?" Ó ṣàlàyé pé àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde ní géètì bí òfin ti wí, wọn a sì yà sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó ń ta oúnjẹ ní òdìkejì títì láti pa aṣọ dà. Ní alẹ́, wọn a tún yà síbẹ̀ kí wọ́n tó wọ géètì. Mo bi í pé nígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi láti wá sílé ńkọ́, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù mọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Há, Álífà, ìgbà yẹn gan-an la máa ń wọ̀ ọ́. Láti Benin dé Ọ̀rẹ̀, láti Ọ̀rẹ̀ dé Òǹdó, kò sí dẹ́rẹ́bà tó máa béèrè owó."

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ìdáhùn yìí. Níbi tí òfin ti ní kí wọ́n wọ aṣọ náà, wọ́n bọ́ ọ. Níbi tí wọ́n ti lè bọ́ ọ, wọ́n wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ apá kìn-ín-ní nìkan lè sọ pé òmìnira ni àwọn ọmọ náà ń wá, pé wọ́n kàn fẹ́ jẹ́ ènìyàn lásán fún ìrọ̀lẹ́ kan. Ṣùgbọ́n apá kejì kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Lójú mi, ohun kan náà ni wọ́n ń wá ní ibi méjèèjì: kí ojú má ṣe rí wọn níbi tí rírí yóò ti ná wọn ní nǹkan, kí ojú sì rí wọn níbi tí èrè wà.

Ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ aṣọ yìí kì í ṣe tuntun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ iṣẹ́ nefi Amẹ́ríkà tí ipò wọn kéré kò gbọdọ̀ tọ́jú aṣọ ilé sínú ọkọ̀. Ní àwọn ìlú èbúté bíi San Diego àti Norfolk, àwọn oníṣòwò ṣí ilé tí wọ́n to àpótí onírin sí, kí ọmọ iṣẹ́ lè háyà ọ̀kan láti kó aṣọ ilé rẹ̀ sí. Yóò wọ yunifọ́ọ̀mù sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, yóò pa á dà níbẹ̀, yóò lọ sí ibi tí ó ń lọ, yóò sì tún pa á dà kí ó tó padà. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀. Elmo Zumwalt, tí ó di olórí nefi náà ní ọdún 1970, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n láyè láti kó aṣọ ilé wọnú ọkọ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ òfin kéékèèké mìíràn rẹ́. Àwọn àgbà ọ̀gá kan bínú sí i gidigidi. Èmi rò pé ó rí nǹkan kan dáadáa: òfin tí a ń pa mọ́ ní ẹnu géètì nìkan, ẹ̀tàn ni ó ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kí ẹni tí ó ti kúrò ní ibùdó lánàá bọ́ aṣọ rẹ̀ lónìí. Ẹni tí wọ́n ti ń jí, tí wọ́n ń bọ́, tí wọ́n ń rán níṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, bí ilẹ̀kùn bá ṣàdédé ṣí fún un, ó lè ṣubú. Kí ojú ìlú wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe ìyà. Ó di ìyà nígbà tí kò bá ní òpin, tàbí nígbà tí òpin rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ inú rere ọ̀gá kan.

Kí ni ó tilẹ̀ fa ẹ̀rù tí ó wà lára dẹ́rẹ́bà yẹn? Àwọn àgbà wa ní Akúrẹ́ lè sọ fún wa. Láàárín ọdún 1984 sí 1992, ọmọ ogun ojú omi 4 ni ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó: Bamidele Otiko, Mike Akhigbe, Bode George àti Sunday Olukoya. N kò sọ pé wọ́n ṣe dáadáa tàbí pé wọ́n kò ṣe dáadáa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi níhìn-ín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wọ yunifọ́ọ̀mù ni ìjọba, ìjọba sì ni ẹni tí ó wọ yunifọ́ọ̀mù, kò sí wákàtí tí aṣọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba ológun kógbá sílé ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n èrò náà kò bá wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ogún ọdún fi lè jókòó sí iwájú mọ́tò, kí ó wí pé "staff", kí ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ń ná Ọ̀rẹ̀ sí Òǹdó bá gbé èrò 5, tí ẹnì kan kò sì san owó, ìdá kan nínú 5 owó ìrìn-àjò náà ti lọ, kí dẹ́rẹ́bà tó ra epo, kí ó tó kó owó ọlọ́kọ̀ jọ. Kì í ṣe ìjọba ni ó fún ọmọ náà ní owó yẹn. Owó oúnjẹ ilé ẹlòmíràn ni. Dẹ́rẹ́bà kò yọ̀ǹda rẹ̀ tinútinú, ẹ̀rù ni ó yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé fíkíhì mọ orúkọ tí à ń pe ohun tí a gbà lọ́wọ́ onínǹkan láìsí ìyọ́nú rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà bi mí bóyá ìsinmi kì í ṣe ẹ̀tọ́ òun ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ó wà ní ipò ọ̀gá gbọ́ èyí. Ìtàn Sayyidinā Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, kò ṣàjèjì sí wa. Ó ń rìn ká ìlú Mẹdínà ní òru, ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ó ń dárò ọkọ rẹ̀ tí ó ti lọ sójú ogun. Ó lọ bi ọmọ rẹ̀, Hafsa, léèrè pé báwo ni ó ti pẹ́ tó tí obìnrin lè fi fara da àìrí ọkọ rẹ̀. Àwọn ìtàn kan sọ pé oṣù 4 ni ó fèsì, àwọn mìíràn sọ pé oṣù 6. Umar sì pàṣẹ fún àwọn olórí ogun pé kí wọ́n má ṣe dá ọmọ ogun dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọmọ ogun ni ó bẹ̀bẹ̀. Olórí ni ó dìde láti lọ wádìí ohun tí iṣẹ́ òun ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó ń ta páàsì, tàbí tí ó ń fi dá ọmọ abẹ́ rẹ̀ lóró nítorí ìjà ara wọn, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń tà.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ kan wà tí àdéhùn so mọ́. Ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé kí ó tó wọṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ Súratul-Mā'idah sì pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ pé kí ó mú àdéhùn ṣẹ. Ní èdè Lárúbáwá òde òní, ìjāzah ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìsinmi tí a fún ọmọ ogun. Orúkọ kan náà ni a ń pe ìwé àṣẹ tí olùkọ́ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ó bá dá a lójú pé ó lè kọ́ ẹlòmíràn láìsí pé òun jókòó tì í. Mo fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe pàdé. Páàsì ọjọ́ Sátidé kì í ṣe àlàfo láàárín iṣẹ́. Ìdánwò ni, láti mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Onne ti wọ inú rẹ̀, tàbí ara nìkan ni ó ń gbé e kiri.

Ẹ̀yin arábìnrin lè bi mí pé, bí òfin aṣọ bá kan ẹ̀sìn ẹni ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà kéde pé ọlọ́pàá obìnrin lè lo ìbòrí sábẹ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n lé àwọn àgùnbánirọ̀ obìnrin méjì kúrò ní ibùdó ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi nítorí pé wọ́n ní ìgbàgbọ́ àwọn kò gba ṣòkòtò. Krìstẹ́nì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọ̀ràn wọn dun àwa náà. Wọ́n dúró ní gbangba, wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbàgbọ́, wọ́n sì gba ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹ fi wọ́n wé ẹni tí ó ń pa aṣọ dà ní ṣọ́ọ̀bù olóúnjẹ.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ibùdó Ìkárẹ́ Àkókó, ọ̀sẹ̀ 3 ni ẹ ó lò níbẹ̀, kákí yóò sì wà lọ́wọ́ yín fún ọdún kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973 ni àwọn ará ìlú ti ń ṣàánú ẹni tí ó wọ kákí yẹn, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ni, tí ó jìnnà sílé. Àánú ni tiyín o, kì í ṣe ẹ̀rù bíi ti sójà, ó sì rọrùn láti jẹ àánú jù. Mo mọ ẹnì kan ní Òǹdó tí ọdún ìsìnrú rẹ̀ ti parí tipẹ́, tí ó ṣì ń wọ kákí ní ọjọ́ ìrìn-àjò. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé àwọn dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń dín owó kù fúnra wọn.