Lẹ́yìn Tí A Bá Pàtẹ́wọ́ Tán

  

Ibi kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kìíní 19:1-18.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín láàárọ̀ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, pírínsípà ilé ìwé girama kan ní kí n wá bá àwọn ọmọ ṣe eré orí ìtàgé fún ayẹyẹ ìparí táàmù. Ó ní kí eré náà dá lórí ìdààmú ọkàn tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà, torí ó ti kíyè sí i pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Inú mi dùn. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe dírámà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irú eré tí ẹgbẹ́ Mount Zion ti ń ṣe láti ọdún 1985 ló wọ̀ mí lára.

Òru ọjọ́ kan ni mo kọ ọ́. Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí kì í rí oorun sùn, tí ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí mọ́. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é. Nígbà tó di ìran ìkẹyìn, pásítọ̀ wọlé, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó pariwo lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ṣubú, ọmọ dìde, ó bú sí ijó. Eré parí.

Ẹ wá gbọ́ àtẹ́wọ́! Nígbà tí bàbá inú eré ní òun á wọ́ ọ lọ sí Àrò, gbogbo háálù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń kó aṣọ eré sápò, ọmọ tó ṣe ọmọbìnrin yẹn wá dúró tì mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti inú eré yìí tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti gbàdúrà fún èmi náà, mo sì gbàgbọ́. Kí ló dé tí tèmi ò tán?"

Èsì tó ti wà lẹ́nu mi ni pé kó lọ gbààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Mo ti ń yìn ín látàárọ̀ pé ó mọ eré ṣe. Àṣé ti ara rẹ̀ ló ń sọ lójú gbogbo wa, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ò kórìíra eré. Ẹ lọ ka Esekíẹ́lì orí 4. Ọlọ́run ní kí wòlíì ya àwòrán Jerúsálẹ́mù, kó ṣe bí ẹni tó ń gbógun tì í, kó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ fún 390 ọjọ́. Nígbà tí etí bá ti di, Ọlọ́run a máa fi han ojú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àtẹ́wọ́ ni Esekíẹ́lì ṣe ṣe é. Ó ṣe é kí àwọn tó ń wò lè yí padà.

Ìparí eré mi ni kò dára. Inú ìtàn Èlíjà ni mo ti rí i. Wòlíì tí iná sọ̀ kalẹ̀ fún ní Òkè Kámẹ́lì ní orí 18 ló jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù ní orí 19, tó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Kí ni Ọlọ́run ṣe? Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó fún un ní oúnjẹ gbígbóná àti omi. Èlíjà tún sùn, áńgẹ́lì tún padà wá. Kò pariwo lé e lórí. Kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run bi í léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì jẹ́ kó sọ tinú rẹ̀. Ó wá fún un ní Èlíṣà, kó má baà dá nìkan wà mọ́. Ìyẹn ò parí lálẹ́ ọjọ́ kan o.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọ̀dọ́ 7 tó wà láàrin ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní àìsàn tó jẹ mọ́ ọpọlọ. Bí akọrin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín bá jẹ́ 28, ẹ ṣírò rẹ̀. Àrò tí a sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ilé ìwòsàn ni, ní Abẹ́òkúta. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ará ilé wọn ní àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láàrin èèyàn. Kí ló pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀?

Ní táàmù kejì, a tún eré náà ṣe. Ọmọ yẹn ló bá mi kọ ìparí rẹ̀. Ìyá jókòó ti ọmọ lórí ẹní, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ̀, ó ní, "Kí ló ń ṣe ọ́, ọmọ mi?" Ó sì dákẹ́, ó ń gbọ́. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ rí dókítà, pásítọ̀ bá wọn lọ, ó ń gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń dúró de káàdì. Kò sí ijó. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn òbí kan ò tètè dìde kúrò lórí àga.

Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ ló gbà kí n sọ èyí láìdárúkọ. Ó ṣì ń gba ìtọ́jú. Ọjọ́ mìíràn dára, ọjọ́ mìíràn ò dára. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń ṣe eré ní ilé ìwé, ẹ lọ wò ó. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ bi í pé, "Èwo nínú rẹ̀ ló dà bí tìẹ?" Ẹ má bẹ̀rù láti béèrè bóyá ó ń rò ó pé kí òun kú. Ìbéèrè ò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀; ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Àdúrà: Bàbá, dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹkún ọmọ ṣe ẹ̀rín. Fún wa ní etí tó ń gbọ́ àti ọwọ́ tó ń gbé oúnjẹ wá. Má jẹ́ kí a pàdánù ọmọ kankan, lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí kan àti tíṣà kan lónìí. Ẹ kú ọjọ́ òní o.