ỌJỌ́ ORÍ ÈKÉ KÒ NÍ ALÙBÁRÍKÀ

  

Bọ́ọ̀lù gbígbá kì í ṣe èèwọ̀ fún wa, bí kò bá ti gba àsìkò ìrun, tí kò sì sí tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dé pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé Ọlọ́hun fi ẹ̀bùn sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ àdúgbò yìí. Ọ̀nà sì wà fún wọn: ìdíje NUGA ti àwọn yunifásítì, HiFL tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ni Èṣù jókòó sí. Yóò ní kí ọmọ ọdún 23 pe ara rẹ̀ ní 18. Yóò ní kí ẹni tí kò wọ yunifásítì rí fi orúkọ ẹlòmíràn gbá bọ́ọ̀lù.

Ní 1971, Howard University, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, gba ife NCAA, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn alákòóso gba ife náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa. Howard ní ìrẹ́jẹ ni, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò lórí pápá. Ní 1974, pẹ̀lú àwọn ọmọ Nàìjíríà láàrin wọn, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù 19, wọ́n borí nínú gbogbo rẹ̀, ife náà sì di tiwọn. Bí awuyewuye lásán bá lè gba ife lọ́wọ́ ènìyàn, mélòó mélòó ni ìwé tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ kọ?

Nílé wa ńkọ́? Ní 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu. Ní 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Bí ẹrù èbúté Àpápá ni: ohun yòówù kí ìwé wí, ọjọ́ tí Kọ́sítọ́ọ̀mù bá ṣí kọ̀nténà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀.

Ànábì wa ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ lọ́jà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ó bi ọlọ́jà pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí aráyé rí i, ó sì yọ ẹlẹ́tàn kúrò lára àwọn tirẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin, ó kàn yín, nítorí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n náà a máa lọ búra ọjọ́ orí ọmọ ní kóòtù. Ìbúra èké wà lára ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Súúrà An-Nisáì, áyà 135, pa á láṣẹ pé kí a jẹ́rìí òdodo, ìbáà ta ko àwa tàbí òbí wa.

A mọ̀ pé ẹ ó ní ìyà ń jẹ wá nílé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ààyè tí o fi irọ́ gbà, ọmọ ọdún 17 kan ní òpópónà rẹ ló ni ín, ìyà sì ń jẹ òun náà. Ẹni tó ti dàgbà, kí ó gbá ti àgbà. Ẹni tó fẹ́ NUGA, kí ó ṣe JAMB, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ìwé irọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tuúbá, kí ó tún un ṣe lónìí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí tó mọ́. Àmín.