Ta Ni Aládùúgbò Ẹni Tó Gé Igbó?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí, ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti jókòó ní ilé-kéú rí. Àwọn onímọ̀ kan láyé àtijọ́ tilẹ̀ kà á dé ogójì ilé ní apá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọwọ́ wa bá lè kan òjò ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà réré sí tiwa ńkọ́? Ṣé aládùúgbò wa ni onítọ̀hún?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Wọn a pín ilẹ̀ àti òfuurufú sí iyàrá-iyàrá bí afárá oyin, wọn a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oòrùn, afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti ewéko tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá máa ṣírò bí ooru àti omi ṣe ń ti iyàrá kan bọ́ sí èkejì, títí ọdún yóò fi yí po. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú igbó, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni pé igbó náà ti di pápá. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe yanrìn títẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé òun mọ ohun ìkọ̀kọ̀ tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ìṣirò ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣírò ogún. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀ lè tọ́ka sí i.

Ní 1990, Shukla, Nobre àti Sellers ṣe irú èyí fún igbó Amazon. Nígbà tí wọ́n sọ igbó di pápá nínú kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ gbóná sí i, òjò sì dín kù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Gbòǹgbò ń fa omi láti ìsàlẹ̀, ewé ń mí in sínú afẹ́fẹ́, oòrùn tí ìbá sun ilẹ̀ á sì máa ná agbára rẹ̀ sórí omi náà. Bí igi bá lọ, ilẹ̀ ni oòrùn dojú kọ, omi tí ìbá tún di òjò á ṣàn lọ sódò. Ṣáájú wọn, ní 1979, Eneas Salati ará Brazil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ omi òjò Amazon wò, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni igbó fúnra rẹ̀ dá padà sójú ọ̀run.

Èyí tó kàn wá gan-an dé ní 1998. Zheng àti Eltahir, ọmọ ilẹ̀ Sudan tó ń kọ́ni ní MIT ní Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà wo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní gígé ewéko etí aṣálẹ̀ Sàhárà kò fi bẹ́ẹ̀ da nǹkan rú. Igbó etí òkun ló le. Bí ìyẹn bá tán, afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wọ̀lú láti orí òkun lè dojú rú. Igbó etí òkun yìí, tiwa wà nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run ló ń rọ òjò. Bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ló ń fúnni lọ́mọ, a kò sì rí ẹni tó ń retí ọmọ láì gbéyàwó.

Àtakò tó lágbára ni pé ìṣirò kì í ṣe ẹ̀rí, àti pé tiwọn rọrùn ju ayé fúnra rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni; àwọn kan tilẹ̀ rí i pé ìkúùkù máa ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ kékeré tí a gé. Ṣùgbọ́n ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Leeds wo òjò gidi ní Amazon, Kóńgò àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, wọ́n sì rí i pé níbi tí gígé náà bá ti gbòòrò, òjò ń dín kù. Bí mẹkáníìkì bá sì ní bíréèkì ọkọ̀ lè má mú, dírẹ́bà wo ló ń dúró kí ó kọ̀ ọ́ lórí òkè kí ó tó gbà?

Agégẹdú á ní igi tòun kéré. Bí ogún èèyàn bá mú náírà kọ̀ọ̀kan nínú owó ọmọ òrukàn, ta ni kò jẹ nínú wọn?

Síbẹ̀, a kò fẹ́ dá agégẹdú Oǹdó nìkan lẹ́jọ́ nítorí àgbẹ̀ ọkà bàbà ní Katsina. Òun náà lọ́mọ níléèwé. Bí a bá ní kó dáwọ́ dúró, ta ni yóò san owó náà? Àgbẹ̀ Katsina kò ní in. Ọwọ́ àwa tí a ń fi pákó náà kan òrùlé ilé àti mọ́sálásí ni owó wà, a kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wá.