Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kíka Ìwé Ìtàn Ìfẹ́?

 

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin mi nínú Islam, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọbìnrin ilé-kéwú kì í yé bi wá, tí àwọn ọmọkùnrin náà fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú ń tì wọ́n: Àfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn máa ka ìwé ìtàn ìfẹ́, tí kì í ṣe nítorí ìdánwò, bí kò ṣe pé ó dùn ún kà? Láyé àwọn ẹ̀gbọ́n wa, Mills & Boon ni wọ́n ń yá ara wọn kà títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á fi já. Lónìí, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà.

Àwọn tó ní haram ni gbogbo rẹ̀ máa ń gbé ẹ̀rí wọn lé súrà Luqman, ẹsẹ kẹfà, níbi tí Allah ti bá ẹni tó ń ra ọ̀rọ̀ eré wí. Àwọn onítumọ̀ Alùkùránì kan sọ pé Nadr ọmọ Harith ni ọ̀rọ̀ náà kàn, oníṣòwò ará Mẹ́kà tó ń ra ìtàn àwọn ọba Páṣíà wálé, kí àwọn èèyàn lè jókòó ti òun dípò kí wọ́n gbọ́ Alùkùránì. Ẹ̀rí ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ náà dé ìparí. Ohun tó fẹ́ fi ìtàn ṣe ni a torí rẹ̀ bá a wí, ìyẹn ni láti ṣẹ́rí àwọn èèyàn kúrò lójú ọ̀nà Allah. Bí ìtàn fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ni a ó wí sí súrà Yusuf, tí obìnrin tó tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin wà nínú rẹ̀ gbangba? Kí ni a ó wí sí Ka'b ọmọ Zuhayr, tó fi ẹkún ìyapa Su'ad bẹ̀rẹ̀ ewì rẹ̀ níwájú Ànábì, tí wọ́n sì gbà á wá pé Ànábì fi aṣọ ìbora rẹ̀ ta á lọ́rẹ? Ibn Hazm, onímọ̀ òfin ilẹ̀ Andalusi tó kú ní 1064, odidi ìwé ló kọ lórí ìfẹ́ àti àwọn olólùfẹ́. Àwa tí a ń kọ́ni ní kéwú mọ gbogbo èyí, a kàn kì í sábà sọ ọ́ síta ni.

Nítorí náà, n kò lè bá wọn pè é ní haram látòkè délẹ̀. Èyí tó bá ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ ibùsùn lọ́kọ-láya kò ní àwíjàre; ẹni tó ń kà á mọ ohun tó ń wá. Èyí tó bá mú èèyàn sùn kọjá Àsùbáà ti di gbèsè sí i lọ́rùn. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi àwọn arábìnrin yín rẹ́rìn-ín, wákàtí kan àtààbọ̀ ni bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó kan, ẹ sì máa ń wo mẹ́ta léra wọn lọ́jọ́ Sátidé.) Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ibi tí ìwé náà ti máa ń parí.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọjọ́ ìgbéyàwó ni ìtàn ń tán, tàbí ọjọ́ tí ọkùnrin jẹ́wọ́ ìfẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí a so yìgì ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin inú ìwé kì í jẹ gbèsè owó ilé. Ìyá rẹ̀ kì í wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ó ti mọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin kí ó tó la ẹnu. Ẹni tó ti ka ogójì irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bí tíṣà kan tí kò ní ju bàtà kan lọ bá wá fẹ́ ẹ, tí kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, tó kàn ń bi í lójoojúmọ́ pé ṣé ó ti jẹun, ṣé yóò mọ̀ pé ìfẹ́ nìyẹn? Àwọn ọkùnrin tó ń kà á náà ń retí ìyàwó tí kì í rẹ̀, tí kì í bínú. N kò sọ pé ìwé ló ń tú ilé ká o. Ó kàn ń gbé òṣùwọ̀n sí wa lọ́kàn, tí kì í ṣe àwa la yàn án.

Gbogbo wọn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Kano, láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú, àwọn obìnrin Hausa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní littattafan soyayya, ìwé ìfẹ́. Balaraba Ramat Yakubu, àbúrò Ọ̀gágun Murtala Muhammed, wà lára àwọn àgbà wọn. Ọmọdé ni òun fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í fọ́kọ. Nínú Alhaki Kuykuyo Ne, tó jáde ní 1990, Rabi ni ẹ ó bá pàdé, ìyá ọmọ mẹ́sàn-án tí ọkọ rẹ̀ olówó lé jáde nítorí ìyàwó tuntun, tó wá ń se oúnjẹ tà kí ebi má bàa pa àwọn ọmọ. Ìwé ìfẹ́ ni wọ́n kà á sí! Ní 2007, gómìnà Ibrahim Shekarau dáná sun irú àwọn ìwé ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Kano. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ṣùgbọ́n iná kò mọ ìwé tó ń kọ́ni yàtọ̀ sí èyí tó ń bani jẹ́. Ẹni tó kà á nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Bákan náà ni S. K. Ali, obìnrin Mùsùlùmí tó ń gbé ní Kánádà. Nínú Love from A to Z (2019), ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fi àìsàn pamọ́ fún bàbá rẹ̀, nítorí àìsàn yẹn kan náà ló pa ìyá rẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e ní 2022, wọ́n ti so yìgì, ilẹ̀ òkèèrè ló wá yà wọ́n, wọ́n sì jọ lọ ṣe Umrah. Ìtàn yẹn kò tán sí ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má kà á lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ kà á níbi tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ti lè bi yín pé, "Kí ló ṣe nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò ríṣẹ́ mọ́?" Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má fi ariwo lé ìwé wọ inú yàrá. Ìyàwó tèmi, pálọ̀ ló ti ń ka tirẹ̀, ó sì máa ń pè mí wá gbọ́ ọ nígbà tí ọkùnrin inú ìwé bá ti ń ṣàṣejù.