Ta Ló Sọ Iona Di Mímọ́?

Ẹni tó bá ń lọ sí Iona kò gbọdọ̀ kánjú. Yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Oban, ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tíláǹdì, lọ sí erékùṣù Mull. Yóò la Mull kọjá, yóò tún wọ ọkọ̀ mìíràn ní Fionnphort. Erékùṣù tó ń lọ ọ̀hún kò gùn ju bíi kìlómítà 5 lọ. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn olùfọkànsìn ti ń rọ́ lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀run sún mọ́ ayé níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ṣé Ọlọ́run fẹ́ràn ilẹ̀ kan ju òmíràn lọ ni?

Ọdún 563 ni Columba, ọmọ ìdílé ọba ní Áyálàǹdì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ 12, tí wọ́n sì kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì. Adomnán, tó jẹ olórí ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kọ ìtàn ọjọ́ tí Columba lò kẹ́yìn láyé ní 597. Ẹṣin funfun tó máa ń ru wàrà wá fún wọn gbé orí lé bàbá náà láyà, ó ń sunkún. Ìránṣẹ́ fẹ́ lé e, Columba ní kó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó ń da Sáàmù 34 kọ. Nígbà tó kọ ọ́ dé ìdajì, ó dáwọ́ dúró, ó ní kí Baithéne, mọ́ńkì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ìyókù. Òru ọjọ́ náà ló kú níwájú pẹpẹ.

Adomnán kan náà ló ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo ayé fi máa rántí Iona. Ní 697, ó mú àwọn ọba àti olórí ìjọ tó lé ní 90 ṣe onídùúró fún òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa obìnrin, ọmọdé tàbí àlùfáà lójú ogun. Nígbà tí idà ló ń ṣèjọba!

Ilẹ̀ náà kò gba àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ là. Àwọn Viking kó ogun dé ní 795; ní 806, ènìyàn 68 ni wọ́n pa. Àwọn kan sá lọ sí Kells ní Áyálàǹdì. Ní nǹkan bí ọdún 1200, àwọn mọ́ńkì Benedict fi òkúta kọ́ ilé tuntun síbẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe ìsìn ọdún 1560 sọ òun náà di ahoro.

George MacLeod, àlùfáà ní Govan, ládùúgbò àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Glasgow, ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí àìríṣẹ́ṣe ń fi ojú ènìyàn rí. Ní 1938, ó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò níṣẹ́ lọ sí Iona pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà láti tún ilé ahoro náà kọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀gá. Àwọn àlùfáà ń gbé òkúta fún wọn. Ọdún 1965 ni wọ́n tó parí ilé náà.

Ọwọ́ ènìyàn ló sọ Iona di mímọ́, ọwọ́ tó ń tún un kọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wó. Àgbélébùú òkúta St Martin, tó ti lé ní 1,200 ọdún, ṣì wà lóòró níwájú ilé náà, wọ́n sì ń gbàdúrà nínú ilé náà títí dòní.