Ta Ni Ó Ni Ìyìn Ìmọ̀?

Bí àwọn ará Òkè-Àdó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ọ̀mọ̀wé kan jẹ́, ìwà rẹ̀ ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, iye àròkọ tí ó tẹ̀ jáde ni wọn yóò kà, àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí wọn. Ní 1964 ni Eugene Garfield bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 2005, Jorge Hirsch gbé òṣùwọ̀n mìíràn kalẹ̀: ẹni tí ó ní àròkọ 20 tí a tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 20 ó kéré tán, tí kò sì tíì ní 21 tí a tọ́ka sí ní ìgbà 21, 20 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ǹjẹ́ èyí tó láti fi wọn ènìyàn?

Kò yẹ kí a kẹ́gàn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Títọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́ ọpẹ́. Bí kò bá sì sí òṣùwọ̀n kankan, ojúsàájú ni yóò máa fi ènìyàn sí ipò.

Ṣùgbọ́n iye kì í sọ ìdí. Ní 1998, Andrew Wakefield tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet, tí ó mú kí àwọn òbí máa bẹ̀rù abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 2010, ìwé ìròyìn náà fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ti tọ́ka sí i, púpọ̀ nínú wọn láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹni tí ó ń ṣírò kò béèrè bóyá ìyìn ni tàbí èébú.

Ọ̀ràn mìíràn kan Ìbàdàn gan-an. Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, láti ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí jíìnì ọmọ ènìyàn ti yàtọ̀ síra. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, wà lára àwọn tí ó darí ti Ìbàdàn. Yorùbá 90 ni a lo ẹ̀jẹ̀ wọn: baba, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. A bá àwọn ará àdúgbò jíròrò ṣáájú. A kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Èsì jáde nínú Nature ní 2005, a sì ti tọ́ka sí i ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ní 2008, Nature tún tẹ ìwádìí lórí odindi jíìnì ọkùnrin kan lára wọn jáde. NA18507 ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n.

Ṣé kí a wá tú orúkọ rẹ̀ síta kí ó lè gba ìyìn? Rárá o. Ìlérí ni ìpamọ́ náà, ààbò sì ni fún un. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀mọ̀wé ni ó ronú, ẹni tí ó na apá kò ronú. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó na apá ti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ó lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó di abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Láìsí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn, kò sí àròkọ tí a ó tọ́ka sí. Síbẹ̀, kò sí òṣùwọ̀n tí ó kà á.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi ni pé iye ìtọ́kasí ń sọ fún wa bí iṣẹ́ ti rìn jìnnà tó. Kò sọ ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ ní gbèsè. Àwọn olùdarí HapMap bẹ̀bẹ̀ pé kí a máa pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà, kì í ṣe ọmọ Áfíríkà lásán. Ẹni tí ó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ti san díẹ̀ nínú gbèsè náà. Ẹni tí ó mú ìmọ̀ náà padà wá di ìwòsàn fún àdúgbò tí ẹ̀jẹ̀ ti wá, òun ni ó san púpọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ìwé ìṣirò ń rí.