Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Orúkọ Àìsàn Pamọ́ Fún Àgbà?

Ọ̀rọ̀ kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa púpọ̀, tí a kì í fẹ́ sọ síta. Dókítà á yẹ bàbá tàbí ìyá àgbà wò, á pe àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní jẹjẹrẹ ni. Àwọn ọmọ á wá ṣèpàdé: "Ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ o. Bí wọ́n bá gbọ́, ìbẹ̀rù ló máa pa wọ́n." Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní ọgbẹ́ inú lásán ni. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

A kò bá àwọn ọmọ wọ̀nyí jà. Ìfẹ́ ló ń sún wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àgbà kì í ṣe ọmọdé. Ara rẹ̀ ti ń sọ fún un kí dókítà tó sọ. Ó ń rí i pé àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé wọ́n ń nu ojú kí wọ́n tó wọlé. Òun náà á wá dákẹ́, kí ọkàn wọn má baà dàrú. Báyìí ni gbogbo ilé ṣe ń fi ohun kan náà pamọ́ fún ara wọn, tí olúkúlùkù sì ń dá ẹrù tirẹ̀ gbé.

Àgbà sì ní ohun tó fẹ́ ṣe: ilẹ̀ tí kò tíì pín, àbúrò tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìre tó fẹ́ sú fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹni tí a sọ fún pé ọgbẹ́ lásán ni á rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀. Nígbà tí ohùn bá lọ tán ńkọ́? Bí a bá fi òtítọ́ pamọ́ fún un, àkókò rẹ̀ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ní ọ̀nà tí à ń gbà sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Bàbá, kí lẹ rò pé ó ń ṣe yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí á sọ gbogbo ohun tí dókítà wí?" Bí ó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ tún bi í lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin dókítà kan, Cicely Saunders, dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní 1967 fún àwọn tí àìsàn wọn kọjá ìwòsàn. Ó kọ́ni pé ìrora irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ pín sí ọ̀nà 4: ti ara, ti ọkàn, ti àárín òun àti àwọn ènìyàn, àti ti ẹ̀mí. Oògùn ń ṣiṣẹ́ lórí ti ara, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò lè dé ibi 3 tó kù. Ènìyàn ló ń dé ibẹ̀.

Jẹjẹrẹ kì í ràn nípa ká jọ jẹun. Ẹ bá a jẹ nínú àwo kan náà, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí ẹnìkan lọ ṣọ́ ọ lóru kan, kí ìyàwó tàbí ọmọbìnrin tí kò tíì sùn lè sinmi. Láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ dé ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu, ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Kí ìjọ bá wọn dá a.

Bí ẹ bá lọ gbàdúrà, ẹ má sáré jáde lẹ́yìn Àmín, ẹ má sì bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóbù jókòó tì í fún ọjọ́ 7 láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu tán ni wọ́n ba nǹkan jẹ́.

Lákòótán, ẹ má ṣe gba ipò rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ìdílé wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí ó dá sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá wá ń ṣèpàdé lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹ̀mí òun fúnra rẹ̀, a ti lé àgbà kúrò lọ́jà nígbà tó ṣì wà láàyè nìyẹn.

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́, àti ẹnu tí ń tu ni nínú. Àmín.